Lough Gur: adágún, òkè àti àwọn ibi àtijọ́ ní Kaúntì Limerick

Lough Gur, tí wọ́n ń pè ní Loch Goir lédè Írẹ́lándì, jẹ́ adágún kan ní Kaúntì Limerick, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì. Ó tó nǹkan bí 20 kìlómítà sí gúúsù ìlú Limerick, ìlú kékeré Bruff kò sì jìnnà sí i. Adágún náà kò tóbi rárá. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni pé nǹkan bí 6,000 ọdún ni àwọn ènìyàn ti ń gbé létí rẹ̀, tí ìran kọ̀ọ̀kan sì ń fi nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀: ìpìlẹ̀ ilé, ibojì olókùúta, agbo òkúta, odi, erékùṣù àtọwọ́dá, ilé olódi, ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le lè rí púpọ̀ nínú wọn láàárín ọjọ́ kan.

Ilẹ̀ àti omi ibẹ̀

Adágún náà ká bíi pátákò ẹṣin yí òkè Knockadoon po. Láyé àtijọ́, kí omi tó fà, Knockadoon fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ erékùṣù. Òkè Knockfennell wà lápá àríwá, Carraig Aille wà ní ìlà oòrùn, Grange sì wà ní ìwọ̀ oòrùn. Kò sí èyí tó ga gan-an nínú wọn. Síbẹ̀, nítorí pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló yí wọn ká, ẹni tó bá gun orí Knockfennell á rí adágún náà kedere nísàlẹ̀, á sì tún rí àwọn òkè Galtee lókèèrè.

Kò sí odò ńlá tó ń ṣàn wọ Lough Gur. Ìsun abẹ́ ilẹ̀ ló ń fún un lómi. Irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ló pọ̀ jù lára àwọn òkè náà. Omi òjò tètè máa ń rìn wọ inú irú òkúta bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ orí rẹ̀ a sì fúyẹ́. Àgbẹ̀ tí kò ní ju àáké olókùúta lọ́wọ́ lè ṣán igbó irú ilẹ̀ yìí, kó sì fi igi tú u. Omi wà nítòsí fún mímu, ẹja wà nínú rẹ̀, òkè sì wà láti sá gùn bí ọ̀tá bá dé. Ìdí pàtàkì tí ibẹ̀ kò fi dahoro rí nìyẹn. Koríko rẹ̀ ṣì dára fún màlúù títí dòní, nítorí pé Golden Vale, ẹkùn tí adágún náà wà, jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí iṣẹ́ wàrà màlúù ti gbilẹ̀ jù ní Írẹ́lándì.

Àwọn ẹranko ti wà níbẹ̀ ṣáájú ènìyàn. Nínú ihò àpáta kan lára Knockfennell, tí wọ́n ń pè ní Red Cellar, ni wọ́n ti rí egungun béárì àti ti àgbọ̀nrín ńlá ayé àtijọ́ tí ìwo rẹ̀ fẹ̀ ju ọwọ́ méjèèjì ènìyàn lọ. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn ní igbó Írẹ́lándì mọ́.

Ilé àwọn àgbẹ̀ ayé òkúta

Láàárín ọdún 1936 sí 1954 ni awalẹ̀pìtàn Seán P. Ó Ríordáin darí iṣẹ́ wíwa ilẹ̀ káàkiri Lough Gur. Ṣáájú ìgbà náà, ibojì àti agbo òkúta ni àwọn ènìyàn mọ àwọn ará ayé òkúta Írẹ́lándì mọ́, ìyẹn àwọn tó gbé ayé kí idẹ àti irin tó dé. Ibi tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń dáná, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn sí ẹnikẹ́ni. Orí Knockadoon ni ilé wọn ti jáde. Àwọn kan ní igun mẹ́rin, àwọn mìíràn rí roboto. Wọ́n to òkúta sí ìdí ògiri, wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀ lọ́tùn-ún lósì rẹ̀, ààrò sì wà nínú ilé. Igi ti jẹrà tipẹ́. Ohun tí àwọn awalẹ̀ rí ni ihò òpó: àmì dúdú roboto nínú ilẹ̀, tí ilẹ̀ inú rẹ̀ rọ̀ ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ lé àmì kan dé èkejì, wọ́n á mọ bí ògiri ṣe gbà lọ, wọ́n á mọ ojú ibi tí ilẹ̀kùn wà.

Nínú àti lẹ́bàá àwọn ilé náà ni wọ́n ti rí àfọ́kù ìkòkò, àáké olókùúta àti egungun ẹran tó pọ̀, ti màlúù ló sì pọ̀ jù. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, àwọn ihò òpó wọ̀nyí ló ṣe iyebíye jù ní Lough Gur, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ṣe é wò bí agbo òkúta. Agbo òkúta ń sọ ohun tí àwọn ènìyàn ń bọ̀wọ̀ fún. Ààrò ló ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbé.

Agbo òkúta Grange

Lápá ìwọ̀ oòrùn adágún náà, lẹ́bàá títì, ni agbo òkúta Grange wà. Òun ni agbo òkúta tó tóbi jù ní Írẹ́lándì. Òkúta 113 ni wọ́n tò ní ìfarakanra, ejìká sí ejìká, yí ojúde kan ká tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 45 láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ agbo òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ló ní àlàfo láàárín òkúta kan àti èkejì. Ti Grange kò rí bẹ́ẹ̀. Òkìtì ilẹ̀ gbọọrọ tún wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gbe àwọn òkúta náà lẹ́yìn, débi pé ẹni tó bá wà nínú agbo kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìta, ẹni tó wà níta kò sì rí ohun tí wọ́n ń ṣe nínú.

Ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n fi òkúta há lọ́tùn-ún lósì ló gba àárín òkìtì náà wọlé láti apá ìlà oòrùn. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn òkúta náà ga ju mítà mẹ́rin lọ, wọ́n sì fojú bù ú pé ó wúwo ju 40 tọ́ọ̀nù lọ. Rannach Chruim Duibh lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì so orúkọ náà mọ́ Crom Dubh, ẹni àtijọ́ tí àwọn ará Írẹ́lándì ń dárúkọ nígbà ìkórè.

Nígbà tí Ó Ríordáin wa ibẹ̀ lọ́dún 1939, ó rí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n gbẹ́ ihò fún òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e nàró, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ há ìdí rẹ̀ kó má baà yẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó amọ̀ wá, wọ́n tẹ́ ẹ bo gbogbo ojúde, kí ojú ilẹ̀ lè tẹ́jú, kí òkúta wẹ́wẹ́ náà má sì hàn mọ́. Ihò òpó kékeré kan wà ní àárín gbùngbùn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òpó ibẹ̀ ni wọ́n so okùn mọ́, tí wọ́n fa okùn náà yípo láti fi ṣàmì sí ibi tí òkúta yóò dúró, gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń fi okùn àti èèkàn la ìpìlẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò pọ̀ yanturu nínú rẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ọdún tí wọ́n kọ́ ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà ń sọ ni pé ó ju ọdún 2000 lọ ṣáájú ìbí Kristi.

Ní oṣù kẹfà, lọ́jọ́ tí ojúmọmọ gùn jù lọ́dún, àwọn ènìyàn máa ń kóra jọ síbẹ̀ ní ìdájí láti wo oòrùn bó ṣe ń yọ.

Ibojì, idẹ àti omi tó fà

Ibojì olókùúta kan wà ní ẹ̀bá ọ̀nà tó lọ sí etí adágún, tí wọ́n ń pè ní Ibojì Òmìrán. Wọ́n fi pẹpẹ òkúta kọ́ ògiri rẹ̀, wọ́n tún fi pẹpẹ òkúta bò ó. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ó sì ga, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sí ẹ̀yìn ló ń tóóró tó sì ń rẹlẹ̀ sí i. Nígbà tí wọ́n wa inú rẹ̀ lọ́dún 1938, wọ́n rí egungun àgbàlagbà tí kò dín ní mẹ́jọ àti ti ọmọdé mẹ́rin. Kì í ṣe òmìrán kan ló ni ibojì náà rárá. Òkú ẹbí tàbí ti àdúgbò ni wọ́n ń kó síbẹ̀.

Ní àárín ọ̀rúndún 19 ni wọ́n la ipa omi, tí wọ́n sì fa omi adágún náà sílẹ̀. Bí omi ṣe lọ ni ẹrẹ̀ etí rẹ̀ yọ síta, àwọn ará àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa nǹkan: egungun ẹran lọ́pọ̀lọpọ̀, àáké olókùúta, ọ̀kọ̀ idẹ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ohun tó ti àgbègbè náà jáde ni asà idẹ kan tí wọ́n rí nínú irà. Ó rí roboto, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 70 sẹ̀ǹtímítà, alágbẹ̀dẹ sì ti ẹ̀yìn lù ú títí ó fi yọ kókó wínníwínní ní ìlà yíyípo, ọ̀kan nínú èkejì. Nǹkan bí ọdún 700 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n fojú bù pé wọ́n rọ ọ́. Ó wà ní Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ilẹ̀ Írẹ́lándì ní Dublin báyìí, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ kan sí ilé ìgbàlejò Lough Gur. Idẹ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé irú asà bẹ́ẹ̀ kò wà fún ojú ogun, ohun iyì tàbí ẹbọ tí wọ́n fi fún omi ni.

Láàárín ọdún 500 sí 1000 lẹ́yìn ìbí Kristi, àwọn kan kó òkúta sínú adágún náà, wọ́n fi igi àti ilẹ̀ kún un, wọ́n sì sọ ọ́ di erékùṣù kékeré tí ó ń jẹ́ Bolin Island. Orí omi ni wọ́n ń gbé kí ọ̀tá má baà rọ́nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà kan náà, àwọn mìíràn kọ́ odi òkúta roboto méjì sórí Carraig Aille, wọ́n sì kọ́ ilé sínú rẹ̀.

Ìdílé Desmond

Àwọn baba ńlá ìdílé FitzGerald bá ogun àwọn Norman, jagunjagun tó ti ilẹ̀ Bìrìtéènì wá, wọ Írẹ́lándì ní ọ̀rúndún 12. Nígbà tó yá, wọ́n gba oyè Earl ti Desmond, wọ́n ń sọ èdè Írẹ́lándì, àwọn akéwì ilẹ̀ náà sì ń kéwì fún wọn. Lough Gur jẹ́ ọ̀kan lára ibùdó wọn. Àwókù ilé olódi tí wọ́n ń pè ní Black Castle ṣì wà ní apá gúúsù Knockadoon, igi ti bò ó mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1573, Gerald, Earl ti Desmond, sá kúrò ní Dublin níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sé e mọ́. Nígbà tó dé Lough Gur, ó bọ́ aṣọ Gẹ̀ẹ́sì kúrò lára, ó wọ aṣọ àwọn ará Írẹ́lándì, aya rẹ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí wọn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kò gbà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1579, wọ́n pa Earl náà lọ́dún 1583, ọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba ilẹ̀ rẹ̀. Sir George Bourchier ló gba ti Lough Gur. Ilé olódi alájà márùn-ún tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣì nàró ní apá àríwá Knockadoon. Ní ọdún 1679, Rachel, opó Earl ti Bath, tún ilé ìsìn kékeré kan kọ́ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Teampall Nua, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Àwókù lòun náà nísinsìnyí, pẹ̀lú ibojì yí i ká.

Ìtàn ẹnu

Láàárín àwọn Earl náà, Gerald mìíràn, Earl kẹta ti Desmond, ló wọ inú ìtàn jù. Ó gbé ayé láti ọdún 1335 sí 1398, ó ṣe aṣojú ọba ní Írẹ́lándì, ó sì kọ ewì lédè Írẹ́lándì tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà. Gearóid Iarla ni àwọn ènìyàn ń pè é. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ rí Áine, ọba obìnrin àwọn iwin, níbi tó ti ń wẹ̀ létí adágún, ó mú aṣọ rẹ̀, Áine sì bí Gearóid fún un. Èèwọ̀ kan ló fi lé bàbá lọ́wọ́: ohunkóhun tí ọmọ yìí bá ṣe, kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí àlejò kún ilé, ọmọ náà bẹ́ sínú ìgò, ó sì tún bẹ́ jáde. Bàbá figbe ta. Bí Gearóid ṣe dìde nìyẹn, ó rìn dé etí omi, ó di ẹyẹ, ó sì lúwẹ̀ẹ́ lọ sí erékùṣù tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Ní ọdún méje-méje ló ń jáde lórí ẹṣin funfun tí wọ́n fi irin fàdákà kàn mọ́ pátákò, tó ń sáré lórí omi. Ọjọ́ tí fàdákà náà bá jẹ tán ni yóò padà sáyé.

Wọ́n tún ní omi adágún náà a máa gbẹ lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méje, tí igi kan á hàn nísàlẹ̀ rẹ̀, tí aṣọ àwọ̀ ewé bò ó, tí ìyá arúgbó kan sì jókòó tì í tó ń hun aṣọ. Ẹlẹ́ṣin kan já aṣọ náà gbà, ó sì sá. Ìyá náà kígbe, omi dìde, ó lé e títí ó fi gba aṣọ náà padà, tòun ti ìdajì ẹ̀yìn ẹṣin. Ká ní ẹlẹ́ṣin náà bọ́ ni, wọ́n ní adágún náà ì bá ti gbẹ títí ayé.

Áine ló ni Knockainey, òkè kan tó wà ní ìlà oòrùn Bruff. Títí di ọ̀rúndún 19, lálẹ́ àìsùn ọjọ́ Jòhánù Mímọ́ ní oṣù kẹfà, àwọn ọkùnrin àdúgbò a di koríko gbígbẹ mọ́ orí ọ̀pá, wọ́n a tanná ràn án, wọ́n a gbé e yí òkè náà ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń sáré gbé iná ọ̀hún wọ oko àti àárín màlúù wọn, kí ọdún náà lè sàn fún irè oko àti fún ẹran ọ̀sìn.