Orin ìfinúhàn ni, kì í ṣe orin ìjẹ́wọ́

Bí olórin òyìnbó kan bá ti kọrin nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti olólùfẹ́ rẹ̀, "orin ìjẹ́wọ́" làwọn tó ń sọ̀rọ̀ orin lédè wa máa ń pè é. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan níbí ní Ìlọrin, inú sì bí mi. Ta ló fẹ̀sùn kan olórin náà? Olè ló ń jẹ́wọ́. Ẹni tí ọlọ́pàá mú ló ń jẹ́wọ́ ní tèṣàn. Obìnrin tí ọkùnrin já sílẹ̀, kí ni yóò jẹ́wọ́ rẹ̀?

Orin ìfinúhàn ni kí a máa pè é. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí a ṣe ń finú han èèyàn: a ó yan ẹni tí a fọkàn tán, a ó sì tú ohun tó wà níkùn wa sílẹ̀ fún un.

Àwọn tó ń takò mí á ní Òyìnbó fúnra wọn ló pè é ní ìjẹ́wọ́, "confessional". Òótọ́ ni. Lọ́dún 1959, nígbà tí M. L. Rosenthal, lámèyítọ́ ewì kan, ń ṣàyẹ̀wò Life Studies, ìwé ewì Robert Lowell, akéwì ará Amẹ́ríkà, ló lo ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n àìsàn ọpọlọ àti àṣírí ìdílé ni Lowell ń kọ sílẹ̀, ohun tí ayé ìgbà náà ń bò mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú. Orúkọ náà bá tirẹ̀ mu. Kò bá ti àwọn olórin mu. Àwọn kan tún ń sọ pé "orin ẹ̀dùn ọkàn". Ìyẹn gbòòrò jù. Orin arò náà ẹ̀dùn ọkàn ni.

Ẹ wo "Someone Like You" tí Adele, olórin obìnrin ará ìlú Ọba, gbé jáde lọ́dún 2011. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi gbọ́ pé ó fẹ́ gbé ẹlòmíràn níyàwó. Dùùrù àti ohùn nìkan ló wà nínú orin náà, kò sí ìlù kankan, síbẹ̀ ó gba ipò kìíní ní ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn. Ọkùnrin náà ló ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí obìnrin kan jókòó lẹ́yìnkùlé lóru, tó ń sọ tinú rẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, tí ará ilé sì dúró lójú fèrèsé tí wọ́n ń gbọ́. Ó mọ̀ pé a wà níbẹ̀, kò sì yíjú sí wa. Èyí ló mú kó yàtọ̀ sí dàdàkúàdà, orin ìbílẹ̀ wa ní Ìlọrin: nígbà ayé olórin rẹ̀ Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú, bó bá gbẹ́nu sókè, àwùjọ ló kọjú sí, ó ń kì wọ́n, ó sì ń kìlọ̀ fún wọn.



Èyí tí wọ́n fi ń dá mi lóhùn jù ni pé Adele nìkan kọ́ ló kọ orin náà, Dan Wilson, olórin ará Amẹ́ríkà, bá a kọ ọ́. Wọ́n ní, báwo lèèyàn méjì ṣe ń finú hàn? Èmi náà á bi wọ́n pé, ìyàwó wo ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹkún ìyàwó rẹ̀ hun? Ẹnu àwọn àgbà obìnrin ló ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù. Bó bá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ tó ń sun ún, kò sẹ́ni tó ń sọ pé ẹkún náà kì í ṣe tirẹ̀.