Ohun tí "perpetual" ń sọ nínú ìwé ilẹ̀

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìkòròdú, pàápàá lọ́nà Ṣàgámù níbi tí ẹbí ti ń gé oko sí pulọ́ọ̀tì, yóò ti pàdé ọ̀rọ̀ náà. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ni ìwé ẹbí sábà máa ń jẹ́. Àwọn olórí ẹbí á fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, èyí tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka. Láàárín rẹ̀ ni ìlà kan máa ń wà tó parí sí "in perpetuity". Bí wọ́n bá bi akọ̀wé ẹbí léèrè ìtumọ̀ rẹ̀, á ní: "Tiyín ni títí láé, ó di ti àrọ́mọdọ́mọ yín."

Irọ́ kọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀.

Látìn ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, "perpetuus", ohun tó ń lọ láìdáwọ́ dúró. Bí a bá pe nǹkan ní "perpetual", a kò kọ ọjọ́ ìparí sí i nìyẹn. Ohun tó lè parí rẹ̀ ṣì lè wà. Létí wa, "títí láé" dún bí ìbúra, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú.

Ẹ wo ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ wá láti ìlú mìíràn, ẹbí onílẹ̀ fún un lóko, ó ń gbé iṣu wá lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ onílẹ̀. Kóòtù Nàìjíríà ti sọ ọ́ léraléra pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ oko náà "in perpetuity". Bó bá kú, ọmọ rẹ̀ á jókòó síbẹ̀. Kó ṣáà má ṣe hùwà àìtọ́. Ọjọ́ tó bá dìde pé baba òun ló ni ibẹ̀, tàbí tó tà á láìgba àṣẹ, onílẹ̀ lè gba kóòtù lọ kí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti ẹni tó ra ilẹ̀ pátá yàtọ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe nínú ìwé tirẹ̀ ni láti dí ẹbí lọ́nà, kí wọ́n má padà wá sọ pé àwọn kàn yá a ni. Kò dí ìjọba lọ́nà. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ó lè gba ilẹ̀ láti fi la títì, kó sì san owó gbà-má-bínú lórí ilé tó bá wà níbẹ̀. C of O gan-an, ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba, tí gbogbo ayé ń lé kiri, ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń kọ sí i l'Ékòó. Ìwé ẹbí ń ṣèlérí ayérayé; ìwé ìjọba tó lágbára jù ú lọ ń ka ọdún!

Ní kóòtù, "perpetual injunction" ni àṣẹ má-ṣe-é-mọ́ tí adájọ́ ń pa nígbà tí ẹjọ́ bá parí, tí a ti mọ ẹni tó jàre. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ṣì lè wọ́gi lé e. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, náà ní "perpetual succession": àwọn tó dá a sílẹ̀ lè kú tán, ẹgbẹ́ ló ṣì ni ilẹ̀ àti owó rẹ̀. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa. Ọba ń wàjà, oyè kì í bá a lọ.

Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, "gbére" ló sún mọ́ ọn jù. Wọn kì í kọ ọjọ́ ìtúsílẹ̀ sínú ìwé ẹlẹ́wọ̀n gbére, síbẹ̀ gómìnà lè dárí jì í lọ́la.