Tíì Wo, Aago Mélòó, Kí Sì Ni Ẹ Fi Mu Ún?

Bí oníbàárà bá wọlé tọ̀ mí wá nídìí káńtà tí mo ti ń ta oògùn, tí ó ní àyà òun ń lù kìkì tàbí pé òun kì í rí oorun sùn lálẹ́, mo máa ń bi í ní ohun tí ó mu kí ó tó jáde nílé. Ìdáhùn tí mo ń gbọ́ jù ni pé, "Tíì lásán ni mo mu, Dókítà." Mo sì gbọ́dọ̀ tún béèrè pé tíì wo, nítorí pé lẹ́nu àwa Yorùbá, ohunkóhun tí a bá fi omi gbígbóná, mílíìkì àti ṣúgà pò ni tíì. Lipton ni tíì, Milo àti Bournvita náà ni tíì, àwọn ẹlòmíràn a tilẹ̀ ka kọfí mọ́ ọn, koríko ọba tí à ń sè nígbà tí ibà bá ń ṣe ni sì ń jẹ́ ewé tíì. Orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn nínú ara kò jọra rárá.

Kọfí àti ojúlówó tíì, ìyẹn èyí tí ó ti ara igi Camellia sinensis wá, ni káfíìnì, èròjà tí ń lé oorun, pọ̀ sí jù nínú wọn. Onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì kan, Friedlieb Ferdinand Runge, ni ó kọ́kọ́ yọ èròjà yìí jáde láti inú èso kọfí ní ọdún 1819. Ife kọfí kan tí ó gba mílílítà 200 máa ń ní nǹkan bí mílígírámù 90 káfíìnì, ife tíì dúdú kan máa ń ní nǹkan bí 50, nígbà tí ti ohun mímu oníkòkó kéré púpọ̀ sí ìyẹn. Koríko ọba kò ní in, ṣóbò tí a fi ìṣápá pupa sè kò sì ní in. Obì ńkọ́? Obì ní in dáadáa, àti gbànja àti àbàtà. Mo máa ń rántí ilé ìwádìí kòkó tí ó wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, tí ìjọba fi kòkó, kọfí, obì, tíì àti kajú sí abẹ́ rẹ̀: bí a bá yọ kajú sọ́tọ̀, káfíìnì wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ó kù. Ọdẹ tí ń jẹ obì kí ó lè ṣọ́ àdúgbò mọ́jú àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ń mu kọfí nítorí ìdánwò, ohun kan náà ni wọ́n ń wá.

Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tí ń jẹ́ adenosine ti ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ, bí ó bá sì ṣe ń rí àga jókòó sí níbẹ̀ ni oorun ń kùn wá. Káfíìnì ni àlejò tí ó lọ gba àga náà kí onílé tó dé. Kò fún wa ní agbára kankan. Àárẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kí àga ṣófo. Nínú ara àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, ó máa ń gbà tó wákàtí 5 kí ìdajì káfíìnì tó kúrò lára. Ẹni tí ó bá mu kọfí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́ ṣì ní ìdajì rẹ̀ lára ní aago 10 alẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin yóò sì ṣẹ́ kù ní aago 3 òru. Ó lè sùn o, ṣùgbọ́n oorun náà kò ní wọra. Obìnrin tí ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, ó lè pẹ́ lára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì, ti aboyún tí oṣù rẹ̀ ti wọ sì lè tó wákàtí 15. Ara ẹni tí ń mu sìgá ní tirẹ̀ tètè máa ń lé e jáde, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú sìgá fi lè rí i pé kọfí tí òun ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí àyà òun máa já.

EFSA, àjọ tí ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù, sọ ní ọdún 2015 pé mílígírámù 400 káfíìnì lójúmọ́ kò ní pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá lára, bí kò bá ti ju 200 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ti aboyún àti ti abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́mú kò sì gbọdọ̀ ju 200 lọ lóòjọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni pé a kì í ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. Awakọ̀ akérò kan wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń múra àtiwa ọkọ̀ lọ sí Kánò mọ́jú, orí ń fọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n bí ó ti ń ka owó. Ó ní òun kì í mu kọfí, mo sì gbà á gbọ́. Mo fa bébà kan yọ, a jọ ṣe ìṣirò: agolo energy drink méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 80, ó di 160, paracetamol extra méjì láàárọ̀ àti méjì lọ́sàn-án, tí hóró kọ̀ọ̀kan ní mílígírámù 65 káfíìnì, ó di 260. Ó ti pé 420 kí a tó dé orí obì gbànja tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí n kò ní òṣùwọ̀n tí n ó fi wọ̀n ọ́n. Kí ni ó sì wá rà? Paracetamol extra. Mo fún un ní paracetamol lásán, mo ní kí ó mu omi, kí ó sì sun oorun díẹ̀ kí ó tó gbéra. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé n kò mọ iye tí àwọn èrò ti san.

Irú orí fífọ́ bẹ́ẹ̀ tún lè wá láti òdìkejì. Ẹni tí káfíìnì ti mọ́ lára, bí ó bá dá a dúró lójijì, orí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó sì lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lọ. Paracetamol extra a lé e lọ kíákíá, nítorí ohun tí ara ń bèèrè wà nínú rẹ̀, ẹni náà a sì gbà pé àìsàn kan ni oògùn náà wò. Lọ́dọọdún, bí Ààwẹ̀ Ramadan bá ti wọ ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, mo máa ń rí àwọn bàbá tí wọ́n ní ààwẹ̀ ń fọ́ àwọn lórí. Ebi àti òùngbẹ lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè iye ife kọfí tí wọ́n ń mu kí oṣù tó lé, tí wọ́n sì ní mẹ́ta, mo ti mọ ibi tí n ó wò. Kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú ni ó dára jù. Bí wọ́n bá wá kó ife mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sẹ́yìn ìṣínu, ojú wọn kò ní tíì pàdé tí aago sààrì yóò fi lù.

Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ tíì kì í ṣe ti káfíìnì rárá. Èròjà tí ń mú kí tíì dúdú korò díẹ̀ lẹ́nu, tí ó sì ń fa ahọ́n pọ̀, tí wọ́n ń pè ní tánínì, máa ń so mọ́ èròjà irin tí ó wà nínú oúnjẹ kí ìfun tó rí i fà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀wà, àkàrà àti ẹ̀fọ́ ni ó ń fi ara gbá a jù. Ti inú ẹran àti ẹja kì í tètè bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983 fi hàn pé ife tíì kan tí a mu pẹ̀lú oúnjẹ dín irin tí ara rí gbà kù ní ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún, kọfí sì dín in kù ní ìdá 39. Nígbà tí wọ́n mu kọfí ní wákàtí kan kí wọ́n tó jẹun, kò dín nǹkan kan kù.

Ẹ wá wo àkàrà àti tíì tí à ń jẹ láàárọ̀ Sátidé. Ọkùnrin tí ń jẹ ẹran, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pé, kò ní ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Ṣùgbọ́n aboyún kan wá bá mi, wọ́n ti sọ fún un níbi tí ó ti ń gba ìtọ́jú pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, PCV rẹ̀, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 28, ó sì ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn hóró oní-irin, fún oṣù méjì láìjẹ́ pé iye náà gbéra. Mo ní kí ó sọ bí ó ṣe ń lò ó fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó máa ń rí mi lára, tíì gbígbóná ni mo fi ń dà á mì." Ní oṣù méjì gbáko! Kò sí ẹni tí ó sọ fún un, kò sì sí lára páálí oògùn náà. Mo ní kí ó máa fi omi tàbí omi ọsàn lò ó, nítorí ọsàn ń ran irin lọ́wọ́ láti wọlé, kí ó sì jẹ́ kí wákàtí méjì kọjá kí ó tó fẹnu kan tíì. Nígbà tí ó padà wá ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, PCV rẹ̀ ti di 32. N kò lè búra pé tíì nìkan ni ó ti ń fà á sẹ́yìn, ṣùgbọ́n n kò ní fún ẹnikẹ́ni ní oògùn ẹ̀jẹ̀ láìbèèrè ohun tí yóò fi lò ó.

Ti ṣúgà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé yóò dára jù bí ṣúgà tí à ń fi kún nǹkan bá kéré sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára oúnjẹ òòjọ́ wa, ìyẹn nǹkan bí gírámù 25. Hóró ṣúgà kan tó nǹkan bí gírámù 4, ẹni tí ó bá sì ń sọ mẹ́rin sínú ife kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti kọjá ààlà kí ó tó dé orí búrẹ́dì. Oníṣúgà tí ó wá ń bi mí bóyá kọfí ni ó lé àtọ̀gbẹ òun sókè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ṣúgà inú ife náà kí a tó dá kọfí lẹ́bi.

Nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, káfíìnì lè lé e sókè fún wákàtí díẹ̀, pàápàá jù lọ nínú ẹni tí kò mọ́ lára. Nítorí náà, kí a má ṣe mu ún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó wọn ìfúnpá. Ìwádìí kan ní Japan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2022, tọ́ka sí i pé láàárín àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti dé 160/100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu kí àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa àwọn tí ń mu ife kọfí méjì sókè lójúmọ́ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àwọn tí kì í mu ún. A kò rí i bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí ń mu tíì aláwọ̀ ewé. Bí nọ́ńbà yín bá ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá oògùn tí yóò mú un sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí kọfí sinmi.

Ìlérí dáadáa náà wà. Léraléra ni àwọn olùwádìí ti rí i pé àtọ̀gbẹ irú kejì, àìsàn ẹ̀dọ̀ àti àìsàn Parkinson tí ń mú kí ara máa gbọ̀n kì í wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ń mu kọfí. Ṣùgbọ́n wíwo ni wọ́n wo àwọn ènìyàn náà, wọn kò pín kọfí fún wọn, nítorí náà n kò tíì kọ kọfí fún ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí oògùn rí. Ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ ńkọ́? Ní ọdún 1991, IARC, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, fura sí kọfí pé ó lè fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n ní ẹ̀rí kò tó láti dá a lẹ́bi, wọ́n sì nawọ́ sí ohun mímu yòówù tí ó bá gbóná ju 65°C lọ, nítorí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ jẹ́ kí ooru rẹ̀ rọ̀ kí ẹ tó gbé e mu.

Oògùn méjì ni mo máa ń ṣọ́ jù nídìí káńtà. Àwọn tí ń lo levothyroxine nítorí ẹṣẹ́ thyroid tí ó wà ní ọrùn wọn gbọ́dọ̀ fi omi lò ó, kí wọ́n sì dúró fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó mu kọfí, bí kò bá ní di oògùn ìdajì. Èkejì ni ciprofloxacin, oògùn apakòkòrò tí kò jìnnà sí ilé kankan lọ́dọ̀ wa. Ó máa ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ láti fọ́ káfíìnì, ife kan a sì máa ṣe bí ife méjì lára. Mílíìkì inú tíì náà sì máa ń so mọ́ oògùn ọ̀hún, kò ní jẹ́ kí ó wọ ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ. Bírò ni mo máa ń fi kọ ọ́ sára páálí: omi nìkan ni kí ẹ fi lò ó, kò sí kọfí, kò sí obì, títí oògùn yóò fi tán.