Ère Méjì Tó Dúró ní Bamiyan

Ní Bamiyan, ní Afghanístàn, ère ńlá méjì ti Búdà, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, dúró lára òkè títí wọ́n fi wó wọn ní 2001. Okùn ni wọ́n fi ṣe ìṣẹ́po aṣọ èyí tó ga jù nínú méjèèjì. Mo fi èyí ṣáájú, torí pé nígbàkigbà tí wọ́n bá dárúkọ Bamiyan, bí wọ́n ṣe wó àwọn ère náà la máa ń gbọ́. A kì í sábà gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n.

Òkúta ibẹ̀ rọ̀, ó máa ń rún, kò ṣe é fín wẹ́wẹ́. Àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ ara Búdà jáde láti inú òkè, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ mọ́ òkè náà. Wọ́n lu ihò sí i lára, wọ́n kan èèkàn igi sínú ihò wọ̀nyẹn, wọ́n sì na okùn láti èèkàn dé èèkàn, láti èjìká títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n wá po amọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ àti irun ẹran, wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ibi tí okùn gbà ni amọ̀ ti yọ, òun ló dà bí aṣọ tó wọ́ balẹ̀ lára èèyàn. Ẹni tó bá ti po amọ̀ rẹ́ ilé rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ wá rò ó wò pé ibi tó ga tó mítà 55 ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹ, bí ilé alájà méjìdínlógún.

Àfonífojì ni Bamiyan, láàárín àwọn òkè Hindu Kush ní Afghanístàn. Ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbà kó ṣẹ́dà láti Ṣáínà gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀sìn Búdà náà sì bá wọn rìn láti Íńdíà. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn yìí kì í ya Búdà bí èèyàn. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń yà, tàbí igi tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ìbí Jésù ni ère rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní Mathura ní Íńdíà, àti ní Gandhara, ilẹ̀ tó wà ní Pakistan àti Afghanístàn òde òní, níbi tí ọnà àwọn Gíríìkì ti wọ̀ wọ́n lára. Ìṣẹ́po aṣọ tí mo sọ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá.

Èyí tó kéré, mítà 38, ni wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, ní ìparí ọ̀rúndún kẹfà. Èyí tó ga tẹ̀ lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún keje. Koríko inú amọ̀ wọn ni àwọn onímọ̀ fi mọ ọjọ́ orí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 630, Xuanzang, mọ́ńkì (ẹni tó fi ayé rẹ̀ jìn fún ẹ̀sìn Búdà) ará Ṣáínà, gba ibẹ̀ kọjá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wúrà àti òkúta iyebíye ń kọ mọ̀nà lára wọn. Àwọn mọ́ńkì ń gbé nínú ihò àpáta tó yí wọn ká. Àwòrán tó wà lára ògiri àwọn ihò kan níbẹ̀ wà lára àwọn àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ òróró yà, tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí láyé.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé, àwọn mọ́ńkì tán, àwọn ère kò kúrò. Ní 1221, Genghis Khan, ọba àwọn Mongol, pa ìlú tó wà níwájú wọn run, kò wó wọn. Àwọn Hazara, ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀, Mùsùlùmí ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n sọ ère méjèèjì lórúkọ: Salsal ni ọkùnrin, Shahmama ni obìnrin. Ìtàn tí wọ́n ń pa fún ọmọ wọn ni pé olólùfẹ́ méjì tó di òkúta ni wọ́n. Ìdí rèé tí n kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ohun àwọn ẹlẹ́sìn Búdà nìkan ló bàjẹ́.

Ní 1999, Mullah Omar, olórí Taliban, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó di ìjọba mú ní Afghanístàn nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n dáàbò bo àwọn ère náà. Ní January 2001, àwọn Taliban pa àwọn Hazara tó lé ní 100 ní Yakaolang, ní ìpínlẹ̀ Bamiyan kan náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù February, Omar yí àṣẹ rẹ̀ padà, ó ní kí wọ́n wó àwọn ère náà.

Ìbọn àgbá ni àwọn Taliban kọ́kọ́ yìn sí àwọn ère náà ní oṣù March, wọn ò wó. Wọ́n to àdó olóró sí wọn lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ wọn ò wó tán. Okùn ni wọ́n padà mú: wọ́n ń so èèyàn rọ̀ láti orí òkè kí wọ́n lè ki ẹ̀tù sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára àwọn ère. Àwọn ará ibẹ̀ ti jẹ́rìí pé wọ́n fipá mú àwọn ọmọ ìlú ṣe iṣẹ́ yìí. Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ní 2003, UNESCO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ àfonífojì náà mọ́ ogún aráyé. Àwọn onímọ̀ láti Jámánì ṣa àfọ́kù wọn jọ, wọ́n sì rí àmì ọ̀dà: pupa ni ara èyí tó ga, funfun ni èkejì. Ní 2008, Zemaryalai Tarzi, ọmọ Afghanístàn, wú àfọ́kù Búdà mìíràn jáde nílẹ̀ ibẹ̀, èyí tó dùbúlẹ̀, tó gùn tó mítà 19.

Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù March 2021, ogún ọdún lẹ́yìn tí wọ́n wó àwọn ère náà, àwọn ará Bamiyan gbé fìtílà, wọ́n tò lọ sí ìdí òkè, wọ́n sì fi iná tan àwòrán Salsal sínú àyè tó ti dúró. Ní August ọdún yẹn, àwọn Taliban padà wọlé.