Mẹ́kúrì nínú ẹja agolo: ṣé ká ṣì máa jẹ sadíìnì?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹ́ Bloom ti ilẹ̀ Faransé, tó ń jà fún ààbò òkun, àti ẹgbẹ́ foodwatch, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń ra oúnjẹ, kéde pé àwọn yẹ agolo ẹja túnà 148 wò láti orílẹ̀-èdè márùn-ún ní Yúróòpù, mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, sì wà nínú gbogbo wọn pátá. Bí ìròyìn náà ṣe ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu ni orúkọ túnà ń já bọ́ lọ́nà. Ohun tó wá ń dé etí ìyá tó ń fi sadíìnì sáàárín búrẹ́dì ọmọ rẹ̀ ni pé májèlé wà nínú ẹja agolo. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni ìròyìn yẹn?

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n túnà nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ṣé ara agolo ni mẹ́kúrì náà ti wá?

Rárá o. Kí ẹja tó dé inú agolo ló ti wà lára rẹ̀. Èéfín ilé-iṣẹ́ tó ń jó èédú àti ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà wà lára ohun tó ń tú mẹ́kúrì sáfẹ́fẹ́, òjò á sì gbé e wá sínú odò àti òkun. Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí máa ń yí i padà di irú èyí tí ara máa ń fà mọ́ra, tí kì í sì í tètè jáde. Ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Ẹja tó jù wọ́n lọ á gbé wọn mì, èyí tó tún ju ìyẹn lọ á gbé òun náà mì, títí ẹrù gbogbo wọn á fi pọ̀ sára ẹni ìkẹyìn. Túnà ńlá wà lára àwọn ẹni ìkẹyìn yẹn, torí ẹja ló fi ń ṣe oúnjẹ, ó sì máa ń pẹ́ láyé. Sadíìnì kì í pẹ́ láyé, ohun wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú omi ló sì ń jẹ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà nínú ìṣirò FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà. Nínú kílò kan ẹja, ti sadíìnì jẹ́ mílígíráàmù 0.013. Ti túnà agolo tí ẹran rẹ̀ wá láti ara àwọn túnà kékeré jẹ́ 0.126. Ti túnà tí wọ́n ń pè ní albacore jẹ́ 0.350, ìyẹn sì lé ní ìlọ́po 25 ti sadíìnì. Ẹran ara ẹja ni mẹ́kúrì yìí lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ọ̀rá rẹ̀, nítorí náà ríro òróró dànù kò lè mú un kúrò, sísè náà kò sì lè mú un kúrò.

Kí ló dé tí òfin fi gba túnà bẹ́ẹ̀ láyè lọ́jà?

Òfin Yúróòpù gbà kí mẹ́kúrì inú túnà dé mílígíráàmù 1 nínú kílò kan. Sadíìnì àti ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn ò gbọdọ̀ kọjá 0.3. Tí a bá fi 0.3 yìí wọn àwọn túnà tí Bloom yẹ̀ wò, ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọjá rẹ̀, agolo kan tí wọ́n rà ní Paris sì dé 3.9. Iye tí wọ́n sábà ń bá lára irú ẹja kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀, kí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí apẹja kó wálé lè ṣeé tà. Èmi ò gbà pé ó tọ́. Bí mẹ́kúrì bá ti wọ ara ọmọ inú oyún, iṣẹ́ ibi kan náà ló ń ṣe sí ọpọlọ rẹ̀, ẹja yòówù kó ti wá.

Kí wá ni sadíìnì ń ṣe fún ara?

Púpọ̀, ibí yìí gan-an sì ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí. Nínú 100 gíráàmù sadíìnì tí a ti ro òróró rẹ̀ dànù, èròjà amúaradàgbà tó gíráàmù 24. Omega-3, ọ̀rá tó dára fún ọkàn àti ọpọlọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù kan. Fítámì B12 tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Kálísíọ̀mù rẹ̀ jẹ́ bíi mílígíráàmù 380, bẹ́ẹ̀ bíi 1,000 ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́. Agolo pẹlẹbẹ oní-gíráàmù 125 sábà máa ń ní ẹja bíi 90 gíráàmù nínú, torí náà ẹni tó bá jẹ ọ̀kan tán ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo iye yìí.

Inú egungun ni ọ̀pọ̀ kálísíọ̀mù náà wà. Ẹ la ẹja kan láàárín, kí ẹ fi ìka méjì tẹ egungun ẹ̀yìn rẹ̀: á rún wómúwómú. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dé agolo pa ni wọ́n máa ń sè é, pẹ̀lú ooru tó tó nǹkan bí ìwọ̀n 121 Celsius, tó ju ti omi híhó lọ. Ìyẹn ló ń rọ egungun. Mo ti rí àwọn ìyá tó ń fara balẹ̀ ṣa egungun yìí sọnù kí ọmọ tó jẹun. Ẹ má ṣà á mọ́, ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹja náà.

Ṣé ooru yẹn kò ti pa èròjà rẹ̀ run?

Fítámì B kan máa ń dín kù. Èyí tó kù ò lọ ibì kankan, àfi pé díẹ̀ nínú omega-3 máa ń yọ́ sínú òróró, ẹ sì lè fi òróró náà din ata àti àlùbọ́sà.

Trout inú agolo, tí àwọn èèyàn wa nílùú òyìnbó ń rà ńkọ́?

Ẹja ni, ìbátan ẹja salmon, omi tútù ló ń gbé. Ìṣirò mẹ́kúrì FDA fún trout jẹ́ 0.071, ó ju ti sadíìnì lọ, ó kéré sí ti túnà. Àjọ ìlera NHS ní Bìrìtìkó kà á mọ́ ẹja ọlọ́ràá, pẹ̀lú sadíìnì àti makéréèlì. Wọn ò ka túnà agolo mọ́ wọn.

Mo lóyún. Ṣé kí n jáwọ́ nínú ẹja?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáwọ́. Omega-3 wà lára ohun tí ọpọlọ àti ojú ọmọ fi ń dàgbà. NHS ní kí aboyún má jẹ ju agolo túnà mẹ́rin lọ lọ́sẹ̀, kó má sì jẹ ẹja ọlọ́ràá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Tí ọwọ́ yín bá lè tó sadíìnì, ẹ mú un dípò túnà.

Ta ló yẹ kó ṣọ́ra fún sadíìnì?

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù 5. Sadíìnì agolo kan lè gbé bíi gíráàmù kan nínú rẹ̀. Ẹ wá wo ẹni tó dà á sórí indomie: ìyẹ̀fun adùn inú ọ̀rá indomie ti kún fún iyọ̀ tẹ́lẹ̀, búrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ wọ́n pọ̀, ẹ má da ìyẹ̀fun náà tán. Ẹni tó ní gáùtì, àìsàn tó ń mú kí oríkèé wú kó sì máa roni, gbọ́dọ̀ bi dókítà rẹ̀ kó tó máa jẹ ẹ́ déédéé.

Irú agolo wo ni kí n má rà?

Èyí tó wú, èyí tó ń jò, èyí tí ìpáàrà ti jẹ dénú, àti èyí tó tẹ̀ gan-an ní ojú ibi tí wọ́n ti lẹ ìdérí mọ́ ara rẹ̀. Ẹ wo déètì àti nọ́ńbà NAFDAC pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn oníbàárà dá àwọn túnà kan padà nítorí ìdérí afọwọ́ṣí wọn lè má dé dáadáa. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni botulism, májèlé tí kòkòrò kan ń ṣe níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé. Ní Bordeaux, oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, sadíìnì tí ilé oúnjẹ kan fi ọwọ́ ara wọn dé sínú ìgò ló fà á: ó lé ní èèyàn mẹ́wàá tó dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀kan sì kú. Tí ìpéǹpéjú ẹni bá ń wálẹ̀, tó ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tí itọ́ ò ṣeé gbé mì lẹ́yìn oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì tọ́ agolo tó wú wò láti mọ̀ bóyá ó ti bàjẹ́.

Ìyókù tí a ò jẹ tán ńkọ́?

Ẹ kó o kúrò nínú agolo sínú abọ́ olómorí, ẹ gbé e sí fíríìjì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Níbi tí iná ò bá dúró, iye agolo tí ẹ máa jẹ tán lójú ẹsẹ̀ ni kí ẹ ṣí.