Bí Jẹnẹrétọ̀ Bá Ń Dún tí Kò Mú Iná Wá

Bí ọdún Kérésì bá ti ń súnmọ́, tí àwọn ọmọ wa láti Èkó àti Àbújá bá ti ń wọlé sí Kábà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá bá àwa tí a ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe: ẹ́ńjìnnì ń dún ròó, ṣùgbọ́n gílóòbù kan kò tàn. Kí ẹni tó ni ín tó délé wa, ẹnìkan á ti sọ fún un pé kọ́ìlì ti jó, àfi kí wọ́n tún wáyà rẹ̀ wé. Kọ́ìlì ló yẹ kí a fura sí kẹ́yìn. Èyí tó bá jó kì í sábà fara pamọ́, ó máa ń rùn, ara wáyà rẹ̀ á sì dúdú.

Ẹ kọ́kọ́ wo bírékà iwájú rẹ̀ bóyá ó ti já. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi mítà wọn ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá rí fóólùtì bíi 2 sí 5, òòfà díẹ̀ tí iná fi ń bẹ̀rẹ̀ ṣì wà lára rótọ̀ (apá tó ń yí nínú jẹnẹrétọ̀), a jẹ́ pé búrọ́ọ̀ṣì tàbí AVR (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí fóólùtì iná) ni ká yẹ̀ wò. Búrọ́ọ̀ṣì ni èédú kékeré méjì tí sípíríǹgì ń tì mọ́ òrùka bàbà ara rótọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó tú u. Tí èédú náà bá ti jẹ kúrú, tàbí tí eruku ọyẹ́ mú kó há sínú ilé rẹ̀, kò ní fara kan òrùka mọ́. Bí òrùka náà bá sì dọ̀tí, ẹ fi sáńpépà kíkúnná nù ún.

Bí mítà bá dúró sórí òdo, ó ṣeé ṣe kí òòfà náà ti tán, bó ṣe sábà ń rí fún èyí tí wọ́n tì mọ́lé láti ọdún Àjíǹde. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà AVR kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi bátìrì fóólùtì 12 kan búrọ́ọ̀ṣì náà fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, pósítíìfù sí pósítíìfù, kí ẹ dá wáyà padà kí ẹ tó tan án. Tó bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún rótọ̀ ní bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí: bí iná bá jáde nígbà náà, AVR ló kú, bí kò bá jáde, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan rótọ̀ tàbí kọ́ìlì.

Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré tó ń lo epo tí a pò mọ́ ọ́ìlì kò ní búrọ́ọ̀ṣì tàbí AVR rárá. Kápásítọ̀, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná pamọ́, ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà tó wà lára ti àtijọ́ ni kí ẹ fi ra tuntun. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán mú ẹnu wáyà rẹ̀, nítorí kápásítọ̀ lè gbé ènìyàn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti kú.