Wọ́n fòfin de rírọ pẹ́pẹ́yẹ, kí ló dé tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣì ń dé inú àwo?

Ìbéèrè: Mo rí "foie gras" nínú ìwé oúnjẹ ilé àrójẹ kan ní London. Kí ni?

Ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ ni, nígbà míì ti gọ́ọ̀sì. Ohun tí orúkọ náà ń sọ lédè Faransé ni ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá. Ó rọ̀ bíi bọ́tà, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ìbéèrè: Báwo ni ẹ̀dọ̀ ẹyẹ ṣe ń lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ń rọ ọ́ ni. Ẹ rántí bí àwọn ìyá àgbà ṣe máa ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, àgbo á máa wọlé, bọ́mọ fẹ́ bó kọ̀. Ti pẹ́pẹ́yẹ le ju ìyẹn lọ, torí páìpù ni. Òṣìṣẹ́ á di ọrùn rẹ̀ mú, á la ẹnu rẹ̀, á ti páìpù bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, ẹ̀rọ á sì tú àgbàdo pípò sí i nínú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ alápatà. Nígbà yẹn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè ti tó ìlọ́po mẹ́fà sí mẹ́wàá bó ṣe yẹ kó rí. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé òfin Yúróòpù fúnra rẹ̀ ló ní ẹ̀dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ tí kò bá tó gíráàmù 300 kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yẹn lọ́jà. Àgbẹ̀ tí àánú bá ṣe, tó dín oúnjẹ kù, ọjà rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè: Àwọn tó ń tà á ní ẹyẹ omi máa ń kó ọ̀rá sẹ́dọ̀ fúnra rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò. Ṣé irọ́ ni?

Kì í ṣe irọ́ fún ẹyẹ igbó tó ń fò lọ sọ́nà jíjìn. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń rọ jù ní Faransé àti Amẹ́ríkà ni mulard, àdàlù ẹ̀yà méjì. Bàbá rẹ̀ ni Muscovy, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ olójú pupa kan náà tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Ìyá rẹ̀ ni Pekin. Kì í bímọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tó ń fò lọ. Ní 1998, ìgbìmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń gba Àjọ Yúróòpù nímọ̀ràn jábọ̀ pé rírọ yìí ń pa àwọn ẹyẹ náà lára.

Ìbéèrè: Ṣé Bìrìtéènì ò tíì fòfin dè é ni?

Ó ti dè é. Lábẹ́ òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006, kò sẹ́ni tó lè rọ pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀ kó má rúfin. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rọ ọ́ ní Faransé, wọ́n ń kó o wọlé, wọ́n sì ń tà á láìsí ẹ̀bi. Ẹni tó ti ìlẹ̀kùn iwájú, tó ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu, kí ló tì? (Láàfin ọba wọn pàápàá, wọ́n ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2022 pé àwọn kì í rà á.)

California gbìyànjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2004, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, de rírọ, ó sì de títà. Adájọ́ kan dá a dúró ní 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a padà ní 2017. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ nílé ara rẹ̀ lè rà á látọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní ìpínlẹ̀ míì. Ihò kan ṣì kù.

Ìbéèrè: Ṣé ẹ fẹ́ sọ oúnjẹ ẹlòmíì dèèwọ̀ ni? Àṣà Faransé mà ni.

Òótọ́ ni, òfin wọn sọ ọ́ ní 2006 pé ogún àwọn ni. Mi ò bá wọn jà lórí ẹ̀dọ̀. Òfin California náà ò mẹ́nu ba ẹ̀dọ̀ ẹyẹ tó jẹun fúnra rẹ̀, tẹyẹ tí wọ́n rọ kí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè tóbi kọjá ààlà ló ń sọ. Páìpù yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń bẹ Bìrìtéènì fún kò ju ìlà kan lọ: ohun tí ẹ ò gbà kí wọ́n ṣe nílé yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o wọlé látìta. Íńdíà ti ìlẹ̀kùn yẹn ní 2014.